Ìmọ́lẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì kì í fọ eyín

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín in kiri pé ìmọ́lẹ̀ inú búrọ́ọ̀ṣì oníná ń yọ ìdọ̀tí eyín, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń wá ìdọ̀tí ni. Irun búrọ́ọ̀ṣì ló ń yọ ọ́.

Ìmọ́lẹ̀ búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ elése àlùkò, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ bíi 405 nm (nánómítà), ló ń mú kí èròjà kan tó ń jẹ́ porphyrin tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìdọ̀tí ń ṣe tàn pupa. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó ti pẹ́ ló sábà máa ń tàn bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ eyín lè má tàn rárá. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí pupa, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé eyín ti mọ́.

Ẹ fọ eyín tán, kí ẹ jẹ hóró aláró tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń wá ìdọ̀tí. Ibi tó bá pa láró, ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀.