Ẹ̀yìn Kan, Táńkì Kan: Irú Ìyà Wo Nìyí?

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti ń fara dà á tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ Subnautica, géèmù kọ̀ǹpútà tí a fi ń wẹ̀ kiri ìsàlẹ̀ òkun, lálẹ́ àná, mi ò lè gbé e mì. Ẹni tó bá ti dúró rí níwájú Modification Station, ẹ̀rọ inú géèmù náà tó ń sọ irinṣẹ́ kan di òmíràn, táńkì kan lọ́wọ́, tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì, tí kò mọ èyí tí kó sọ ọ́ dà, onítọ̀hún ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n tú u jáde kó má baà di àrùn sí mi lára.

High Capacity Tank, táńkì afẹ́fẹ́ tí à ń gbé sẹ́yìn, kan ṣoṣo ni mo ní. Tí mo bá fi lithium 4 kún un, ó di Ultra, afẹ́fẹ́ mi di ìṣẹ́jú àáyá 225, àmọ́ ara mi á wúwo, màá máa falẹ̀ lábẹ́ omi. Tí mo bá fi plasteel ingot, irin inú géèmù náà, kún un, ó di Lightweight, ara á fúyẹ́, àmọ́ 135 tí mo ní tẹ́lẹ̀ náà ni màá máa mí. Èyíkéyìí tí mo bá mú, táńkì àkọ́kọ́ ti bá a lọ nìyẹn, kò sí bí mo ṣe lè tú u padà. Mi ò sì lè dán an wò kí n tó mú un. Ẹ lọ ra bàtà ní ọjà Kútọ̀, ìyá tó ń tà á á ní kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi rìn lọ rìn bọ̀. Tí kò bá bá ẹsẹ̀ yín mu, á fa òmíràn yọ, á tún máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Géèmù tí a fi dọ́là rà kò wá ní ìwà tó ìyá oníbàtà!

Ká tó dé ìdí táńkì pàápàá, ta ni kò mọ ìyà tó wà nídìí lithium? Ẹ máa fọ́ òkúta shale kiri ìsàlẹ̀ òkun. Ẹ fọ́ ọ̀kan, góòlù. Ẹ fọ́ èkejì, dáyámọ́ńdì. Ẹ tún fọ́ ọ̀kan, góòlù. Èmi ọmọ Lísàbi, mo jókòó sí yàrá mi ní Ọbáńtokò, góòlù ń jáde lábẹ́ ọwọ́ mi, mo ń pòṣé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ ọ, ó bi mí bóyá orí mi pé.

Ó dáa. Àná jẹ́ Sátidé. Iná dé nígbà tó ń lọ sí aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo àdúgbò hó yèè bí a ṣe máa ń ṣe, mo sáré lọ ki ṣájà bọ ògiri, nítorí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, bí iná bá ti lọ, òun náà lọ. Àbúrò mi ọkùnrin wá jókòó tì mí. Àwọn ọmọ yàrá kejì wọlé, wọn ò tilẹ̀ kanlẹ̀kùn. Lithium mi ti pé 4, plasteel wà nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbà mí nímọ̀ràn, ibẹ̀ ni ilé ti dàrú.

Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ mú Lightweight jàre. Ẹran yẹn kì í dúró gbọ́ pé èèyàn ní afẹ́fẹ́ púpọ̀." Ghost Leviathan ló ń wí, ẹran ńlá abẹ́ òkun inú géèmù náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò fọwọ́ kan géèmù rí láyé ẹ̀, ó dá sí i: "Mú èyí tó ní afẹ́fẹ́, ìwọ ọmọ yìí. Òkú kì í sáré." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ní kí n kúkú ta táńkì náà. Ẹnu àríyànjiyàn yìí la wà tí bàbá onílé fi yọjú, wọ́n ní ṣé kọ̀ǹpútà yìí ló ń jẹ owó mítà tó ń yára tán láti ọjọ́ mélòó kan. Mo ní, "Rárá o, bàbá, kò tó nǹkan tó ń jẹ." Wọn ò gbà. Fíríìsà méjì ló wà lọ́dọ̀ tiwọn o, fíríìsà méjì tí wọ́n fi ń ta omi tútù, kọ̀ǹpútà mi ni wọ́n wá rí! Ọ̀rọ̀ owó iná ilé yìí tó kọ lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ ná.

Mo mú Ultra.

Seamoth mi, ọkọ̀ kékeré abẹ́ omi, MK2 ni àfikún agbára tó wà lára ẹ̀, 500 mítà sísàlẹ̀ ni agbára ẹ̀ mọ. Nickel, irin tí mo ń wá, sì wà ní Lost River, ihò ńlá tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Mo wakọ̀ dé ibi tó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo gbé e dúró, mo jáde, mo ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ pọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo rí nickel, mo mú un. Mo rí òmíràn. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, nǹkan kan ń bọ̀ lókèèrè, ó gùn gbọọrọ, ó ń tàn yòò. Àbúrò mi ti dìde dúró. Mo yí padà, mo tẹ bọ́tìnì títí ìka fi ń ro mí, ara ò gbà, táńkì wúwo! Afẹ́fẹ́ tó kù sílẹ̀ fún mi lé ní 100, kí ni mo fẹ́ fi ṣe, kí n fi fẹ́ná? Ó bù mí jẹ.

Aṣọ wo ló sì wà lọ́rùn mi? Stillsuit. Torí pé ibi aṣọ náà tún ni wọ́n ti ní kí n yàn. Ṣé Reinforced Dive Suit tí eyín ẹran kò fi ní tètè rí mi gbé ṣe, àbí Stillsuit tó ń gba òógùn ara mi sọ di omi mímu? Omi ni mo yàn. Ẹni tó bá ń gbé ládùúgbò wa kò ní bi mí ní ìdí ẹ̀. Ẹ̀rọ omi ti gbẹ, mẹ́ruwà ń dá iye tó bá wù ú lé e, píọ̀ wọ́tà ń gbówó lérí lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá ń ta Stillsuit ní Pánṣẹ́kẹ̀ báyìí, èrò tó máa tò síbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á dé Sápọ́n. Wọ́n wá fi omi ṣe ìdẹkùn fún mi. Ó bù mí jẹ lẹ́ẹ̀kejì, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, nickel lọ.

Mo wẹ̀yìn wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀wà ẹ̀, kò wí nǹkan kan. Òkú kì í sáré, àbí?

Mo ní mi ò gbà. Mo tún eré náà ṣí láti ibi tí mo fi í pamọ́ sí kí n tó ṣe táńkì, mo wá mú Lightweight. Mo tún wa Seamoth lọ, mo tún bọ́ sílẹ̀. Mo yára lóòótọ́. Nickel àkọ́kọ́, nickel kejì, nickel kẹta, ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn kéde pé ó ku ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́! Ohùn ẹ̀ tutù nini, kò ṣe bí ẹni tó mọ̀ pé èèyàn fẹ́ kú. Mo forí lé òkè. Leviathan yọ, kò bá mi. Ó ku 10, ojú mi ń ṣú, gbogbo yàrá ń pariwo, "Ẹ wọlé! Ẹ wọlé!" Ọwọ́ mi kan Seamoth, mo wọlé, afẹ́fẹ́ kún. Àwọn ọmọ yẹn fò sókè. Bàbá onílé gan-an, tí wọ́n wá ṣọ́ owó iná, tí wọ́n ṣì dúró síbẹ̀, wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! O ṣe é!" Mo yí imú ọkọ̀ sọ́nà ilé.

Iná lọ.

Ẹ ò gbọ́ mi ni? Mo ní iná lọ! Nickel mẹ́ta! Lightweight! Gbogbo ẹ̀! Òkùnkùn biribiri, ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé kejì, àwọn ọmọ yẹn rọra jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọn ò ṣe kan ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ má sì wulẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi í pamọ́ lójú ọ̀nà. Ta ló ń dá eré dúró láti wá bọ́tìnì kiri nígbà tí afẹ́fẹ́ ku 10? Iṣẹ́ tó yẹ kí géèmù máa ṣe fúnra ẹ̀ nìyẹn. Ọdún 2014 ni wọ́n ti ń tà á nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, 2018 ni wọ́n tó ní ó parí. Gbogbo àsìkò yẹn, wọ́n ráyè kun ẹja lóríṣiríṣi, wọ́n ráyè lu ihò 4 sára Seamoth kí n tún lè jókòó máa yan àfikún agbára tí màá kì bọ̀ ọ́, ẹnì kan péré ò ráyè rò ó pé iná lè lọ. Níbi tí wọ́n wà, bóyá iná kì í lọ. Àwa tí a kì í ṣe Band A ńkọ́, tí ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún? Ká máa wo fídíò àwọn tó ń gbá a?

Àwọn géèmù mìíràn, ẹran téèyàn bá pa ló ń fún un ní máàkì, á wá fi máàkì yẹn yan agbára tó fẹ́. Tó bá rí i pé kò dáa, á san nǹkan díẹ̀, wọ́n á dá gbogbo ẹ̀ padà fún un, á tún un yàn. Tiwa ò ní máàkì, kò ní àdápadà, kódà kọ́ńpáàsì lásán, inú àpótí tó fọ́n ká ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n lọ kó àwòrán bí a ó ṣe ṣe é pamọ́ sí. Kọ́ńpáàsì! Ohun tó wà nínú fóònù tó kéré jù.

Àwọn tó tún ń bí mi nínú ni àwọn ọ̀gá tó máa ń dáhùn pé, "Ṣe méjèèjì, kí o máa pààrọ̀ wọn." Ẹ ṣeun o. Kí n tún bẹ̀rẹ̀ táńkì mìíràn láti ìdí, kí n tún máa fọ́ góòlù kiri, kí èyí tí mi ò gbé sẹ́yìn wá máa gba àyè nínú àpò tí kò gba nǹkan tẹ́lẹ̀. Kí Leviathan wá dúró dè mí kí n pààrọ̀. Fíìnì tí à ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ láti fi wẹ̀ náà ńkọ́? Ultra Glide kí ẹsẹ̀ yá, àbí Swim Charge kí bátìrì ohun tó wà lọ́wọ́ mi máa gba iná bí mo ṣe ń wẹ̀? Ẹsẹ̀ méjì mà ni mo ní! Wọn ò lè fi ọ̀kan sí ọ̀tún, kí wọ́n fi ọ̀kan sí òsì? (Swim Charge yẹn, tí wọ́n bá lè ṣe é fún láàpútọ́ọ̀pù, inú Odò Ògùn lẹ ó ti máa bá mi láàárọ̀ lálẹ́.)

Ohun tí mo ń fẹ́ ò le. Kí wọ́n fún mi ní ẹ̀yìn kejì. Tí ìyẹn bá ṣòro, kí wọ́n mú ẹni tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ táńkì yìí, kí wọ́n gbé e wá sí Ọbáńtokò, mo ti gbá yàrá sílẹ̀ dè é. Bàbá onílé á máa bi í léèrè owó mítà láti ẹnu ọ̀nà. Kó mú táńkì tó bá wù ú. Kó máa lọ wá nickel.