Àtúnṣe lórí bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ tó ń lọ lẹ́nu wò

Àwọn kan ń gba àwa tí a ní òṣìṣẹ́ ní Abẹ́òkúta nímọ̀ràn pé kí ọ̀gá tó ń darí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn láti mọ ìdí tó fi ń lọ, kí a sì di owó oṣù rẹ̀ mú títí yóò fi dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yìí kò tọ̀nà. Fún àwọn òṣìṣẹ́ tí Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kàn, abala 11 sọ pé a gbọ́dọ̀ ti san gbogbo owó wọn, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ tí àkókò ìfitónilétí, ìyẹn àkókò láti ìgbà tí a ti sọ pé iṣẹ́ yóò dópin títí di ọjọ́ tó dópin, bá parí.

Ta ni yóò sọ lójú ọ̀gá rẹ̀ pé ìwà ọ̀gá náà ló lé òun lọ? Ẹlòmíràn ni kó béèrè, kí ọjọ́ ìkẹyìn tó dé. Bí ẹ bá bi ọmọbìnrin tó ń bá yín ta àdìrẹ ní Ìtòkú léèrè ìdí tó fi ń lọ, ó lè sọ pé nítorí owó ni, kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé, "Ọjọ́ wo ló kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn láti wá iṣẹ́ mìíràn?", ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ nípa ọjọ́ tí aṣọ dín, tí wọ́n yọ owó rẹ̀ láìṣe ìwádìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Níbi tí òṣìṣẹ́ kò ti ju mẹ́ta lọ, ó rọrùn láti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ má ṣèlérí àṣírí tí ẹ kò lè pa mọ́.