"Snap up" kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú fọ́tò yíyà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé lẹ́ẹ̀sìn níbí ní Ìbàdàn ló gbà pé bí oníròyìn bá kọ ọ́ pé "Shoppers snapped up the shoes", fọ́tò bàtà náà ni àwọn oníbàárà yà, àwọn òbí kan tilẹ̀ ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá, nítorí pé lẹ́nu wa, "snap" kò ju kí ènìyàn ya fọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí gbólóhùn yẹn ń sọ ni pé wọ́n sáré ra bàtà náà, wọ́n du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bóyá nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀ tàbí nítorí pé kò pọ̀.

Ìtumọ̀ yìí dàgbà ju kámẹ́rà lọ. Nínú eré Shakespeare kan tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1623, ọkùnrin kan pe ara rẹ̀ ní "snapper-up", ẹni tó ń gbá nǹkan kéékèèké tí àwọn ènìyàn kò kà sí mú lọ. Ọdún 1839 ni wọ́n tó kéde ọgbọ́n fọ́tò yíyà fáyé gbọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi rántí rẹ̀, "hán" ni kí ó mú: ajá tí a ju egungun sí, tí kò jẹ́ kó balẹ̀ kó tó fẹnu hán an, ohun tí "snap up" ń ṣe gan-an ló ṣe yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó dúró ti aláṣọ ní Gbági fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó nájà títí, tó kúrò tó tún padà, kò sí "snap up" nínú ohun tó ṣe, bó ti wù kí inú rẹ̀ dùn sí àǹkárá náà tó. Ẹni tó rí bàtà lórí òkìtì bọ́síkọ̀nà, tó gbá a mú, tó sì sanwó kí ẹlòmíràn tó nawọ́, òun ló ṣe é. Kò pọn dandan kó ra gbogbo òkìtì náà. Ẹni tó bá rà á tán pátápátá, "buy up" ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pe tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ipò ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. "Snap up the shoes" tọ̀nà, "snap the shoes up" náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí "them" bá rọ́pò bàtà, àárín ló gbọ́dọ̀ wà: "snap them up".

Bí ìwé ìròyìn bá sì sọ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan "snapped up" ọ̀dọ́mọkùnrin kan, kì í ṣe àwòrán tó ti di ẹ̀wù tuntun mú ni wọ́n ń sọ, bí kò ṣe adéhùn tí ẹgbẹ́ náà yára bá a ṣe kí ẹgbẹ́ mìíràn tó dé.