Ẹ má tíì gbé mílíìkì: ọmọ ajá tó tutù kò lè jẹun

Bí ajá bá bímọ, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò lágbára, tó kàn dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò bá àwọn yòókù du ọmú, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ: "Ebi ló ń pa á, ẹ tètè fún un ní nǹkan mu." Ẹnì kan á sáré gbé mílíìkì, ẹlòmíì á wá sírínjì, wọ́n á la ọmọ ajá náà lẹ́nu, wọ́n á dà á sí i. Kò ní pẹ́ tí ọmọ ajá náà á fi kú. Wọ́n á wá ní, "A ṣá gbìyànjú, ó ti pẹ́ jù ni."

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà kò tíì pẹ́ jù rárá. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni wọ́n fi kẹ́yìn. Bí ara ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí bá ti tutù, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ móoru kó tó mu ohunkóhun. Ẹni tó bá fún un ní mílíìkì kí ara rẹ̀ tó móoru lè fi àánú pa á.

Mo mọ ohun tó mú kí èrò yìí rinlẹ̀. Bí ẹ̀dá kan bá rẹ̀ lójú wa, oúnjẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Mílíìkì sì ṣeé rí, ó ṣeé wọ̀n, èèyàn á mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan kan. Àwọn kan á tún ní àwọn ti fún irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ ní mílíìkì rí, ó sì yè. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èyí tó yè yẹn, ara rẹ̀ kò tíì tutù kọjá ààlà, ebi nìkan ló ń dà á láàmú. Àmọ́ èyí tó yè la máa ń rántí. Èyí tó kú, a máa ń sọ pé ó ti ń kú bọ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i, a kì í sì í béèrè bóyá mílíìkì yẹn ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ooru ara àgbà ajá máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2°C. Ti ọmọ tuntun kò tó bẹ́ẹ̀: láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bíi 35 sí 37°C ni, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó bá ti àgbà dọ́gba. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kò tíì lè gbọ̀n bí òtútù bá mú un, bẹ́ẹ̀ gbígbọ̀n wà lára ohun tí àgbà fi ń mú ara rẹ̀ gbóná. Ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ara rẹ̀ kéré, ooru sì máa ń tètè fi ara tó kéré sílẹ̀, pàápàá bí omi ìbí bá ṣì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ara ìyá rẹ̀ àti ara àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń rí ooru. Bí ó bá yà kúrò láàárín wọn, ó lè máa tutù lọ nínú yàrá tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń làágùn.

Bí ooru ara rẹ̀ bá wá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 34°C, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù díẹ̀díẹ̀, mímí rẹ̀ á falẹ̀, ìfun rẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Mílíìkì tó bá wọ inú rẹ̀ nírú àkókò yẹn kò ní kúrò níbi tó wà. Á kan síbẹ̀, inú ọmọ ajá náà á wú, ohun tó mu sì lè padà wá sí ọ̀fun. Ní àkókò yẹn kan náà, agbára tó fi ń fa ọmú ti lọ, kò sì lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹ rò ó wò: ọ̀fun tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ wá ń da mílíìkì sí i. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Bí kò bá pa á lójú ẹsẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó máa fà lè pa á lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà tí gbogbo yín ti rò pé ó ti bọ́.

Ibí yìí náà ni ọ̀rọ̀ ìyá tó kọ ọmọ ti wọlé. Wọ́n máa ń sọ pé bí ìyá ajá bá ti gbá ọmọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti mọ̀ pé kò ní yè, ká fi í sílẹ̀. Ọmọ tó tutù kì í ké bó ṣe yẹ, kì í wá ọmú kiri, ara rẹ̀ kò sì rí bíi ti àwọn yòókù lára ìyá rẹ̀, torí náà ìyá lè má kà á sí. Bí ẹ bá mú kí ara ọmọ náà móoru, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mira tó sì ń ké, lọ́pọ̀ ìgbà ìyá kan náà yẹn á gbà á, á máa lá a. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe torí pé ìyá rẹ̀ tì í kúrò kí ẹ ka ọmọ ajá kún òkú.

Òtútù tún ní iṣẹ́ ibi mìíràn tí àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Fáírọ́ọ̀sì herpes kan wà tó jẹ́ ti ajá (kì í ran èèyàn), ara tí ooru rẹ̀ kò tó ti àgbà ajá ló sì ti máa ń gbilẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àgbà ajá fi lè ní in kó má fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń pa. Bí ọmọ ajá bá ṣe ń tutù sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá mílíìkì, ẹ wá tẹmómítà. Ẹ fi nǹkan tó ń yọ̀ pa ẹnu tẹmómítà náà, ẹ rọra ti ẹnu tẹmómítà yẹn nìkan bọ ihò ìdí ọmọ ajá náà. Bí kò bá sí tẹmómítà, ẹ fi ìka tó mọ́ kan inú ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Inú ẹnu tó bá tutù sí ìka yín ti fi hàn pé ara ti tutù jù. Bí ooru rẹ̀ kò bá tó 35°C, oúnjẹ kankan kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀.

Bí omi bá wà lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ nù ún kó gbẹ. Ibi tó dára jù láti gbé e sí lẹ́yìn náà ni àyà yín, lábẹ́ aṣọ, kí awọ rẹ̀ kan awọ yín. Ooru ara èèyàn kì í jóni, kì í sì í ṣàdédé ga jù. Bí ẹ kò bá lè jókòó tì í, ẹ bu omi gbígbóná sínú ìgò, kó má hó, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, kí ẹ gbé e sí apá kan nínú páálí, kí apá kejì má gbóná, kí ọmọ ajá náà lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Èyí tó ti rẹ̀ gan-an kò ní lè sún. Ẹ̀yin lẹ máa yí i padà lóòrèkóòrè, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan awọ rẹ̀.

Ẹ má kánjú níbi tí mo dé yìí. Ó yẹ kó tó wákàtí kan sí mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó padà sípò. Àwọn kan á ti ọmọ ajá bọ inú omi gbígbóná, àwọn mìíràn á gbé e sábẹ́ gílóòbù tó ń jó bí iná. Ooru òjijì máa ń ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ nígbà tí ọkàn kò tíì lágbára láti gbé ẹ̀jẹ̀ yíká, ó máa ń gbẹ omi ara ọmọ náà, ó sì lè jó o nígbà tí kò lágbára láti ké. Lẹ́yìn tó bá ti móoru tán, kí ibi tó ń sùn wà láàárín 29 sí 32°C ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibi tí ọmọ ajá náà dùbúlẹ̀ sí gan-an ni kí ẹ ti wọn ooru náà, torí ilẹ̀ máa ń tutù ju òkè lọ.

Nǹkan kan ṣoṣo lẹ lè fi kan ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń móoru lọ: ẹ̀kán glúkóòsì tàbí omi ṣúgà tó ki. Agbára díẹ̀ ni ọmọ tuntun ní nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, bí kò bá sì jẹun fún wákàtí díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ fi ìka pa á mọ́ èrìgì rẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dà á sí i lẹ́nu.

Nígbà tí ooru rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 36°C, tó sì ń mira, ẹ ti ìka kékeré yín tó mọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ṣé ó ń fà á? Bó bá ń fà á, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ gbé àwọn tó sanra jù kúrò fúngbà díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sídìí ọmú tó wà lápá ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni wàrà sábà máa ń pọ̀ sí. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i ni, èyí ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Inú wàrà àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tó ń bá àrùn jà lára ọmọ ajá ti ń wá, ìfun rẹ̀ kì í sì í lè gbà á mọ́ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 24.

Bí ìyá kò bá ní wàrà, mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá ni kí ẹ wá. Ti màlúù kò lè dípò rẹ̀. Ọ̀rá àti purotéènì tó wà nínú wàrà ajá tó ìlọ́po méjì ti màlúù, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ṣúgà inú ti màlúù pọ̀ ju èyí tí inú ọmọ ajá lè gbà. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń fà, ìgbẹ́ gbuuru sì ń gbẹ omi ara tí kò tó tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá wá fẹ́ fún un, kí mílíìkì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bíi 37 tàbí 38°C. Kí ọmọ ajá náà dojú ikùn délẹ̀, kí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń wà nídìí ọmú. Ẹ má ṣe dà á délẹ̀ kí ikùn rẹ̀ kọjú sókè bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ èèyàn, torí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn ṣí sílẹ̀ fún mílíìkì. Bí mílíìkì bá ti imú rẹ̀ jáde, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ kọlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ sì nù ún. Nǹkan bíi mílílítà 4 fún 100 gírámù ìwúwo rẹ̀ ni ikùn rẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan, torí náà èyí tó wúwo tó 300 gírámù kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 12 lọ, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra wọn, lóru náà. Èyí tí kò bá fa ìka yín, dókítà ẹran ló máa fi rọ́bà tín-ínrín fún un lóúnjẹ. Ẹ má fi sírínjì jà á.

Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ rẹ òwú sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fi máa pa abẹ́ ikùn àti ìdí rẹ̀ títí á fi tọ̀. Ìyá ló máa ń fi ahọ́n ṣe é, ọmọ náà kò sì lè dá a ṣe títí tó fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìtọ̀ tó bá pọ́n gan-an ti fi hàn pé omi kò tó lára rẹ̀.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó ń fi gírámù hàn, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ó yẹ kó máa fi ìdá 5 sí 10 nínú 100 ìwúwo ọjọ́ ìbí rẹ̀ kún un lójúmọ́, ìyẹn gírámù 15 sí 30 fún èyí tí wọ́n bí ní 300 gírámù. Èyí tí kò bá lé nǹkan kan fún ọjọ́ kan gbáko ti ń wí fún yín pé nǹkan ń ṣe òun, kódà bí ojú kò bá tíì rí i.

Ooru kò lè yanjú gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ wò bóyá àjà ẹnu rẹ̀ là. Ẹ wo ìdodo rẹ̀ bóyá ó wú tàbí ó pọ́n. Bó bá ń ké láìdákẹ́, tó ń mí gúlegúle, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ ti móoru tán tí kò sì fa ìka, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ forí lé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ gbé e sí àyà yín lójú ọ̀nà, torí gbogbo ooru tí ẹ ti fún un lè lọ kí ẹ tó débẹ̀. Bí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ sọ iye tí tẹmómítà fi hàn, ìgbà tó fa ọmú gbẹ̀yìn, àti ohun gbogbo tí ẹnikẹ́ni ti dà sí i lẹ́nu.