Flutter fún áàpù alájọ: ṣé ó tọ́?

Ọmọ_Òṣogbo: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ṣe áàpù tí àwọn alájọ á máa fi kọ owó oníbàárà sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ lórí Android àti iPhone. Ṣé kí n lo Flutter, irinṣẹ́ Google tí wọ́n fi ń kọ áàpù?

Ìyá_Kóòdù: Lò ó. Kóòdù kan náà lo máa kọ fún méjèèjì. Ká ní o ń pààrọ̀ àwọ̀ bọ́tìnnì: bó o bá ti ń tọ́jú fáìlì, àwọ̀ tuntun ti yọ lójú fóònù, iye owó tó o ti tẹ̀ síbẹ̀ ò sì ní í pa rẹ́. Hot reload nìyẹn. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nílò ẹ̀ gan-an.

Bàbá_Android: Ẹ sọ ìyókù fún un. Flutter kì í lo bọ́tìnnì tó wà nínú fóònù, òun fúnra ẹ̀ ló ń ya gbogbo nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tó fi ń yà á dání, nítorí náà áàpù tí ò ṣe ju “Ẹ káàbọ̀” lọ á ti gba mẹ́gábáìtì mélòó kan. Fídíò WhatsApp ti kún fóònù àwọn alájọ, wọ́n sì ń fowó ra dátà. Fi Kotlin, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù Android, ṣe tiẹ̀, kí ti iPhone dúró ná.

Ìyá_Kóòdù: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ti ìwọ̀n yẹn. Àmọ́ yíyà tó ń yà á fúnra ẹ̀ ló jẹ́ kí áàpù rí bákan náà lórí Tecno àtijọ́ àti iPhone. Bí oníbàárà bá pè mí, mo mọ ohun tó ń wò.

Alámì_Ohùn: Fọ́ńtì ńkọ́? Mo ti rí áàpù tí àmì orí “ọ̀” sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fi fọ́ńtì tó ń jẹ́ Noto Sans sínú áàpù náà, á bá a lọ sórí fóònù gbogbo.

Ọmọ_Òṣogbo: React Native, irinṣẹ́ mìíràn tó jọ Flutter, ńkọ́?

Bàbá_Android: Tó o bá ti mọ JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń lò ó, á yá ọ ju Dart, èdè Flutter, lọ, bọ́tìnnì fóònù gan-an ló sì ń lò. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ Airbnb kéde lọ́dún 2018 pé àwọn ń fi í sílẹ̀. Ti Flutter ń kọ mí lóminú náà: lọ́dún 2024, Google dá àwọn kan dúró lára àwọn tó ń ṣe é.

Ìyá_Kóòdù: Gbangba ni kóòdù ẹ̀ wà, àwọn mìíràn lè máa tún un ṣe. Èyí tó yẹ kó mọ̀ ni pé láìsí Mac (kọ̀ǹpútà Apple), tiẹ̀ tàbí èyí tó háyà, kò lè kọ́ ti iPhone jáde.

Ọmọ_Òṣogbo: Mi ò ní Mac o.

Bàbá_Android: Tó bá jẹ́ Flutter náà lo fẹ́, ṣe ojú-ìwé kan péré, gbé e sórí fóònù alájọ kan, kó o wò ó bóyá ó ń yára ṣí.