Àga Pupa Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jókòó Sí: Èrò Ọkàn Mi Lórí Àwo-orin Àkọ́kọ́ Paramore

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ Paramore, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bá délẹ̀, Riot!, àwo-orin wọn ti ọdún 2007, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wọ́n á tọ́ka sí This Is Why, èyí tó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy fún àwo-orin rọ́ọ̀kì tó dára jù lọ ní ọdún 2024. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí méjèèjì. Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ rọ́ All We Know Is Falling, àkọ́bí wọn tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2005, sẹ́yìn, bí ẹni pé iṣẹ́ àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Ní tèmi, òun ló sọ òtítọ́ jù lọ nípa ẹgbẹ́ náà.

Ọmọdé ni wọ́n lóòótọ́. Ọmọ ọdún 16 ni Hayley Williams tó ń kọrin nígbà tí àwo náà jáde, Zac Farro tó ń lu ìlù sì jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ìlú Franklin ní ìpínlẹ̀ Tennessee, nítòsí Nashville tí wọ́n ti ń fi orin ṣòwò ńlá, ni wọ́n ti pàdé ara wọn. Ilé-iṣẹ́ agbórinjáde Atlantic ti bá Hayley nìkan tọwọ́ bọ̀wé ṣáájú, nítorí wọ́n fẹ́ kó dá dúró gẹ́gẹ́ bí olórin pọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà fàáké kọ́rí, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ni òun fẹ́ bá kọrin. Mi ò mọ iye àgbàlagbà tó lè kọ irú ìpèsè bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́. Nígbẹ̀yìn, Atlantic gbà fún un, wọ́n sì jẹ́ kí àwo náà jáde lábẹ́ orúkọ Fueled by Ramen, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Florida tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn pop-punk, ìyẹn rọ́ọ̀kì tó yára tí ohùn rẹ̀ sì dùn bíi ti pọ́ọ̀pù, ti fọkàn tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gba ibòmíràn yọ nìyí. Wọn kò tíì pẹ́ dé Orlando, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba orin náà sílẹ̀, tí Jeremy Davis tó ń ta gìtá béèsì fi fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lucio Rubino, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ló bá wọn ta béèsì náà. Orí ìlọkúrò Jeremy ni wọ́n kọ orin tó ṣíwájú nínú àwo náà, All We Know, lé, nígbà tó sì yá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan náà ṣe òpómúléró gbogbo àwo náà. Ẹ wo àwòrán iwájú rẹ̀ dáadáa: àga onítìmùtìmù pupa kan ló wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, òjìji ẹnì kan sì ń rìn lọ. Josh Farro, ẹ̀gbọ́n Zac tó ń ta gìtá, ti ṣàlàyé pé Jeremy tó fi wọ́n sílẹ̀ ni àwòrán náà ń sọ, àti àyè tó ṣófo láàárín wọn.

Ohun tó mú kí àwo yìí ṣe pàtàkì lójú mi nìyẹn. Ní ìgbà tí à ń sọ yìí, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ pop-punk àti emo, ìyẹn rọ́ọ̀kì tó ń sọ ẹ̀dùn ọkàn, ẹkún wọn kò sì ju ẹyọ kan lọ: ọmọbìnrin kan ló já wọn sílẹ̀. Àní nínú Warped Tour ọdún 2005, àjọ̀dún orin rọ́ọ̀kì tó ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Amẹ́ríkà, orí pèpéle kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin ni Paramore ti ṣeré. Ọmọbìnrin yìí wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì ń sunkún ọ̀rẹ́, kì í ṣe olólùfẹ́. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa ń jókòó ti àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ tí eré bá tú? Ìròbìnújẹ́ tí ọ̀rẹ́ máa ń fà kì í ní orúkọ, kì í sì í ní ẹlẹ́kún. Àwo yìí sunkún rẹ̀ láìtijú.

Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ló péye. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, àwọn kan láàárín sì jọra jù, pàápàá ní bí gìtá ṣe ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Emergency, níbi tí Hayley ti ń bi àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n sọ ìfẹ́ dà, ohùn rẹ̀ sì ga ju ìlù lọ láìjẹ́ pé ó ń pariwo. Ẹ gbọ́ Conspiracy náà, orin àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ kọ, kí ẹ rí bí ìfura ṣe máa ń rí lọ́kàn ọmọdé tí gbogbo èèyàn ń pinnu nǹkan fún.

Ọjà kò gbà á nígbà náà. Kò wọ inú Billboard 200, àtẹ àwọn àwo-orin tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, rárá, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ló tó gba ìwé-ẹ̀rí góòlù tí wọ́n ń fún àwo tó bá tà dáadáa níbẹ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ìtàn wọn tẹ̀ lé àwo náà lẹ́yìn. Jeremy padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì tún lọ ní ọdún 2015. Josh àti Zac fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2010 pẹ̀lú ìbínú, Zac sì padà ní ọdún 2017. Ẹni tó bá ti gbọ́ àkọ́bí wọn dáadáa kò ní bá wọn ṣe kàyéfì.

Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ ọ rí, ẹ má fo orin kankan títí ẹ ó fi dé My Heart tó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni Josh ti figbe ta lábẹ́ ohùn Hayley, igbe tí kò dùn létí, tí wọn kò sì gbìyànjú láti mú un dùn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo àwo náà lọ.