Bernie Sanders ò ṣe méyọ̀ New York rí o

Ẹ̀yin èèyàn wa n'Íkòròdú, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń fọ́wọ́dù kiri lórí WhatsApp yẹn, pé Bernie Sanders, sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà yẹn, ṣe méyọ̀ New York kẹ́gbẹ́ Democrat tó gbé e lọ sílé aṣòfin àgbà tààrà, irọ́ ni o. Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí lóòótọ́ lọ́dún 1941, bóyá ibẹ̀ nirọ́ ọ̀hún ti wá, àmọ́ Burlington ní ìpínlẹ̀ Vermont ló ti ṣe méyọ̀, 1981 sí 1989, òun nìlú tó tóbi jù ní Vermont o, síbẹ̀ èèyàn ibẹ̀ ò tó 40,000 nígbà yẹn, Ìkòròdú wa yìí á gbé e mì pátápátá. Ìbò 10 péré ló sì fi ju alátakò ẹ̀ lọ nígbà tó kọ́kọ́ wọlé, mo ní mẹ́wàá!

Tààrà kẹ̀? Ó du gómìnà lọ́dún 1986, ó fìdí rẹmi, ó du ilé aṣojú-ṣòfin lọ́dún 1988, wọ́n tún nà án, 1990 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i mú, ó wá lo ọdún 16 ńbẹ̀ kó tó di sẹ́nétọ̀ lọ́dún 2007. Ti ẹgbẹ́ wá ńkọ́, indipẹ́ńdẹ́ǹtì, ìyẹn ẹni tí ò sí lẹ́gbẹ́ kankan, ló fi wọlé ní gbogbo ẹ̀, ó kàn máa ń bá àwọn Democrat ṣe ni, ọ̀dọ̀ wọn náà ló ti wá tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ lọ́dún 2016 àti 2020, kò rí i gbà. Ẹni tó bá tún fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kó dílíìtì ẹ̀ jàre.